Ọwọ́ Rẹ Tó Kù Léjìká Ìyá Rẹ

Ilé Joaquim,
Ẹ̀yìn Ìga Ìdúngánrán,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsìn ìkórè.

Ayọ̀bámi, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì kí àwọn ará Ìkòyí tí ẹ jọ ń gbé. Ọlọ́run tó mú ọ la òjò ọdún yìí já yóò jẹ́ kí o jẹ èrè rẹ̀. Ara ìyá rẹ le, àfi orúnkún. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun, a kì í gbọ́ ohùn ara wa mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tó wà láàárín wa kò jìn, ó sì yẹ kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá gbé fóònù, ikọ́ ni yóò gba ẹnu mi. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, jẹ́ kí n kọ tèmi.

O rántí àwòrán ẹbí tó wà ní pálọ̀, èyí tí a yà lọ́dún tí o wọ yunifásítì. Lọ́jọ́ tí o sọ pé o kò kọ́ òfin mọ́, pé kámẹ́rà lo fẹ́ gbé, èmi Jeremiah ni mo mú abẹ tí mo fi ń fá irùngbọ̀n, tí mo gé ọ kúrò nínú rẹ̀. N kò ní sọ pé inú ló bí mi, ìgbéraga ni. O rí i lára ògiri, o gbé báàgì rẹ, o kò sì tíì tún wọ ilé yìí, ìyá rẹ ló ń wá bá ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ wà léjìká rẹ̀ nínú àwòrán náà, n kò lè gé e láìgé ìyá rẹ, ni mo bá fi í sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ọwọ́ kan tí kò ní ara fi wà léjìká ìyàwó mi lójú àlejò. Bí wọ́n bá béèrè, mo máa ń ní ọnà tí aránṣọ fi sí èjìká aṣọ ni.

Ìyá rẹ yóò pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, ó kàn wo ògiri.

Ni mo bá gbé àwòrán náà lọ bá Haleem ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ṣe fún àwọn ológe. Ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gé, ó ń lẹ̀, ó sì ń kùn. Kí n tó mu omi tó fún mi tán, ó ti mú ojú rẹ láti orí Fesibúùkù, ó ti gbé e lé ọrùn ìyàwó kan tó gbé òdòdó dání, ó ti pa ọwọ́ yẹn rẹ́, ó sì ti fún èmi ní eyín méjì tó ti ká tipẹ́. Ó ní mo rẹwà. Mo ní ọmọ mi kọ́ nìyí. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ńkọ́? N kò bá a jà, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé abẹ tèmi náà ló mú dání, tirẹ̀ kàn ń lo iná ni.

Olúbùnmi, akọ̀wé ìjọ wa, ló sọ fún mi pé ètò mìíràn wà tí ẹ̀yin onífótò fi ń to ẹgbẹ̀rún àwòrán, tí ẹ sì fi ń tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Gbogbo àtúnṣe tí èèyàn bá ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń kọ ọ́ sí bí àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí o bá sì kábàámọ̀, o lè padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó fi àyè sílẹ̀ fún àbámọ̀, mo ní òun ni mo yàn.

Ètò náà fún wa ní ọjọ́ méje fún ìdánwò. Ó yé mi pé èmi ni wọ́n fẹ́ dán wò, bí a ti ń ṣe fún olùkọ́ tuntun, nítorí náà mo ń wọ kóòtù àti táì lọ sí ọ́fíìsì ìjọ lójoojúmọ́, n kì í pẹ́ dé. Olúbùnmi ti fi ẹ̀rọ kó àwòrán tí mo gé náà àti gbogbo àwòrán inú àpótí ìyá rẹ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò náà wá ń gbé ojú wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé ta nìyí. Nígbà tó béèrè bẹ́ẹ̀ nípa ìyá mi, ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni. Mo kọ orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ nínú ìjọ, àti pé ó ti sùn nínú Olúwa. Ó tún ní kí n fún àwòrán ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Mo ṣe é bó ṣe yẹ ọmọ Yorùbá: àgbà gba márùn-ún, ọjọ́ orí ni mo sì tò wá sísàlẹ̀, títí ó fi kan ìwọ àbíkẹ́yìn tó gba ẹyọ kan.

Ọjọ́ kẹta ni Olúbùnmi rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní àwòrán tó dára là ń fún ní ìràwọ̀ púpọ̀, pé oníràwọ̀ kan ni wọ́n máa ń kó dà nù. Mo dìde. Mo bọ́ kóòtù. Mo fún gbogbo tìrẹ ní márùn-ún, títí kan èyí tí o ti ń sunkún tí ikun bo ẹnu rẹ.

“Bàbá, èyí tó jẹ́ pé ìpàkọ́ nìkan la rí yìí ńkọ́?”

Mo ní márùn-ún.

Lọ́jọ́ keje, mo ní kí ètò náà kó gbogbo àwòrán tí o wà nínú rẹ̀ jọ. Ó ń kó wọn bọ̀, mo ń wò ó, àfi bí àwòrán pálọ̀ ṣe yọ sí mi ní odindi, ìwọ nínú aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ, ọwọ́ rẹ so mọ́ apá rẹ. Mo ké Halelúyà. Mo rò pé ètò náà ló tọ ọwọ́ yẹn lọ títí ó fi bá ẹni tó ni ín. Mo sáré délé, èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mo ròyìn iṣẹ́ ìyanu náà fún ìyá rẹ. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè.

“Bàbá Ayọ̀bámi, ẹ̀dà kan lẹ gé. Méjì ni mo ní kí onífótò ṣe. Mo mọ ọkọ tí mo fẹ́.”

Ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ló fi í sí, lábẹ́ aṣọ ìrìbọmi rẹ. Mo sunkún, kò sì tì mí lójú. Lẹ́yìn náà ni a jọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù. A ti borí, ọmọ mi. Odindi ti wà lára ògiri. Èyí tí mo gé wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú férémù kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo rò pé mo ti yege ìdánwò, àfi bí wọ́n ṣe ní kí n máa san owó lóṣooṣù, bí ẹni tó háyà yàrá. Bàbá mi lo òòlù kan títí ó fi kú, kò sanwó ilé fún un. Síbẹ̀, jọ̀ọ́, bá mi wá owó oṣù kan, àti ti gíláàsì férémù, èyí tí mo rà tín-ín-rín jù. Má fi ránṣẹ́. Mú un wá fúnra rẹ lọ́jọ́ ìbí ìyá rẹ, kí o sì gbé kámẹ́rà dání. Ìwọ ni yóò tò wá. Èmi yóò dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, níbi tó ti rọrùn jù láti gé.

Dárí jì mí. Ojú rẹ kò ní fọ́, iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ibi tí o bá gbé ọwọ́ lé, ara rẹ yóò débẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jeremiah Joaquim