Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà Mọ́kànlélógójì

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Àwọn Aránṣọ.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfaradà òtútù. Ṣé ara le? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń ráyè sinmi díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ńkọ́? Màmá wà dáadáa, àfi ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì. Ara èmi náà le, àárò yín ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Títí di òní, tí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a jọ ń sùn, apá ọ̀dọ̀ ògiri tó jẹ́ tiyín ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́.

Ẹ rántí pé mo bẹ̀ yín kí ẹ ya fọ́tò àwọn lẹ́tà tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìwádìí mi dá lórí ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ sí ẹni tó wà lájò. Ọ̀gá mi ní bí mo bá fẹ́ yẹ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà wò, àfi kí n kọ́ kóòdù kíkọ, kí kọ̀ǹpútà lè máa bá mi wá ọ̀rọ̀, kó sì máa ka iye ìgbà tó wà níbẹ̀. Bí èmi àgbàlagbà ṣe padà sórí bẹ́ǹṣì nìyẹn.

Àwa mẹ́fà là ń kọ́ ọ. Mo dàgbà ju Tíṣà wa lọ, ṣùgbọ́n kò gba gbẹ̀rẹ́. Bàbá onímọ̀ ìtàn tó jókòó tì mí ń kọ "jọ̀wọ́" síwájú gbogbo àṣẹ tí wọ́n bá fẹ́ pa fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà sì ń kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní wọn ò tọ́ àwọn láti máa pàṣẹ fún ẹni tí àwọn ò mọ̀ rí. Èmi náà ò sàn jù wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gbàgbé láti pa àkámọ́ tí mo bá ṣí nínú kóòdù dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Tíṣà ní kí kálukú fi iṣẹ́ tirẹ̀ dánra wò. Akọ̀wé ọ́fíìsì wa ti bá mi tẹ gbogbo lẹ́tà Màmá sínú kọ̀ǹpútà láti inú fọ́tò yín, mọ́kànlélógójì. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ iye ìgbà tí "wálé" wà nínú wọn. Ó ní òdo. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo tún ti ba nǹkan jẹ́. Tíṣà yẹ kóòdù náà wò látòkè délẹ̀, ó ní kò sí àṣìṣe kankan. Mo wá "padà". Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i, ológbò aládùúgbò ló sì padà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé Màmá ò mọ̀wé, èmi ni mo ń bá wọn kọ lẹ́tà. Kò sí lẹ́tà kan tí wọn ò fi "Sọ fún un kó wálé, àárò ẹ̀ ń sọ mí" parí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, bẹ́ẹ̀dì ṣẹ̀ṣẹ̀ di tèmi nìkan, mi ò fẹ́ pín in mọ́, mi ò sì kọ ọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kọ ọ́, ẹ máa bi Màmá ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fò ó. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ò lè máa ti ara yín mọ́ ẹni tí kò pè yín wálé rí. Mo rò pé àwàdà ni. Màmá ní tiwọn ní àwọn pè yín wálé títí, ẹ ò wá, ó sú àwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kí yín ráńpẹ́ tí wọ́n á sì gbé fóònù fún mi. Ọdún méjìlélógún, èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Mo jẹ́wọ́ fún wọn láàárọ̀ yìí níbi tí mo ti ń bá wọn gé èékánná. Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Lọ mú bébà wá. Kọ ọ́ kí n máa wò ẹ́."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ohun tí Màmá ní kí n kọ rèé: Wálé.

Wọ́n ní kí n fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà hàn wọ́n. Wọ́n ti fi ìka lé e, wọn ò tíì gbé e kúrò bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi yìí.

Èmi àbúrò yín tó jẹ̀bi,
Akọ̀wé Màmá.