Ariwo Tí Délé Yọ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá

Ọjọ́bọ̀, Iba Estate

Inú ń bí mi gan-an.

Délé àbúrò mi gbé kásẹ́ẹ̀tì eré rédíò tí olóògbé bàbá wa gbà sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Alaba, kó lè bá Màmá kó o sínú mẹ́mọ̀rì káàdì. Eré ọ̀hún ò sú Màmá rí. Lónìí ló mú káàdì náà dé, tó ń yangàn: "Mo ti yọ gbogbo ariwo kúrò."

Ariwo wo? Iwájú rédíò ni Bàbá máa ń gbé rẹ́kọ́dà sí, ohùn tiwa náà sì ń wọ inú ẹ̀. Tí ìyàwó inú eré bá ti da májèlé sọ́bẹ̀, Bàbá á kígbe mọ́ ọkọ ẹ̀: "Má jẹ ẹ́ o!" Màmá á ní, "Kò gbọ́ yín o, Bàbá Bọ́lá."

Ohùn Bàbá ni òmùgọ̀ yìí ń pè ní ariwo! Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ti jù ú nù. Ó ní ta ló tún ń lo kásẹ́ẹ̀tì.

Màmá ò bá a wí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ eré inú káàdì náà. Nígbà tó kan ibi ọbẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń retí. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Ni Màmá fúnra wọn bá kígbe: "Má jẹ ẹ́ o!"