Wọ́n Lé Agbẹ̀bí Lọ Wo Odi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Kékeré lé mi kúrò nílé. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́! Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Tí ẹ bá tún jí mi torí ikùn yìí, màá sunkún." Lóòótọ́ ni. Mo máa ń jí i kí n lè gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ẹ̀ ṣe ń lù. Iṣẹ́ agbẹ̀bí kì í fini sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Oyún ẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́, ojú mi ló ṣe. Báwo ni màá ṣe sùn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó bímọ. Ẹ̀rù ń bà mí gidi.

Mo ṣáà di báàgì mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

A dé. Àwa mẹ́ta: èmi, Tíṣà – ó kọ́ ọmọ ní ìtàn nílé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì dákẹ́ – àti Ẹlẹ́rìn-ín, télọ̀ tó rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Ìlú àtijọ́ ni lóòótọ́. Odi ga ju òrùlé lọ. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Tíṣà ń ṣàlàyé: ọba báyìí ló mọ ọ́n, ọ̀tá báyìí ló dó tì í. Etí mi wà níbẹ̀, ọkàn mi wà nílé. Mo pe Kékeré, mo tún pè é, mo tún pè é. Nígbà tó máa gbé e: "Màámi, mo ń jẹun!"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìtìjú pa mí lónìí. Obìnrin kan ń gun àtẹ̀gùn ẹnubodè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ikùn ṣíwájú. Kí n tó mọ̀, mo ti dì í lápá mú. "Rọra o, ìyàwó. Oṣù kelòó rèé?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní oúnjẹ ni.

Yéè! Ilẹ̀ kò lanu kó gbé mi mì. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tíṣà gba fóònù mi: "Ọ̀rẹ́, oyún ti bò ọ́ lójú. Odi la wá wò." Mo bínú. Mi ò bá wọn jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Wọn ò fún mi ní fóònù mi. Ìkà ènìyàn ni wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Ilé àtijọ́ kan, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìwòran. Yàrá kan wà lẹ́yìn, ibẹ̀ làwọn obìnrin ilé ti ń bímọ láyé ìjọ́sí. Bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ, fèrèsé kékeré lókè. Ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń dán ní ojú kan, níbi táwọn tó ń rọbí ti ń fọwọ́ tì í. Mo fọwọ́ kàn án. Gbogbo ọba tí Tíṣà ń ka orúkọ wọn, ṣebí ẹnì kan ló gbẹ̀bí wọn? Ẹ̀rù á ti ba òun náà.

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ ọ́ jáde: mo ti gba àìmọye ọmọ ọlọ́mọ là, mi ò rí ti ọmọ mi gbà là. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ṣé ìwọ lò ń mọ ọmọ nínú ikùn ni? Iṣẹ́ Ọlọ́run lo fẹ́ gbà ṣe." Ara mi fúyẹ́ díẹ̀.

Tíṣà nìkan ni kò dúró sójú kan. Ó ń jáde síta ṣáá. Ó ní inú ń run òun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Àwọn elétekéte! Inú rírun kọ́! Láti àná ni Kékeré ti ń rọbí. Ọkọ ẹ̀ pe fóònù mi, Tíṣà gbé e, Kékeré sì bẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀: "Ẹ má sọ fún màámi. Ẹ̀rù wọn á ràn mí." Tíṣà àti Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ pa ògiri, ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ yìí Tíṣà fi fóònù sí mi létí. "Gbọ́."

Ẹkún ọmọ tuntun! Ó le, ó dún, kò sí ìdíwọ́ kankan nínú ẹ̀. Mo mọ ẹkún. Dípò kí n dúpẹ́, ẹnu mi ti sáré: "Ibi ọmọ ti jáde? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti wọn ọmọ?"

Kékeré dá mi dúró: "Màámi, nọ́ọ̀sì pọ̀ níbí. Ìyá mi ni mo pè."

Mo jókòó. "O kú ewu, ọmọ mi. Kékeré, o kú ewu o." Mo gbọ́ tó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, àwọn ọ̀dàlẹ̀ méjì náà ń sunkún lẹ́yìn mi.

Mo gbọ́ tí Kékeré fọn imú. Ó ní, "Ibi ọmọ ti jáde o, màámi. Ó pé."