Afárá Ẹni Mẹ́ta

Abúlé Ṣàngówùmí,
Lẹ́yìn Owódé Ẹ̀gbá.

Ọ̀ṣunfẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, o kú làálàá Èkó, o kú ìfaradà àwọn onílé ibẹ̀. Ọ̀ṣun tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ, orí rẹ kò sì ní gbàbọ̀dè. Ara wa le níhìn-ín, àfi eékún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ tí o rà sílẹ̀ ti bímọ, mẹ́ta ló bí, ìyẹn la lè kà. Ọmọ́ṣaléwá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Akínrẹ̀mí, ti wúwo báyìí, inú oṣù òjò ni wọ́n ní yóò sọ̀ kalẹ̀.

Òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ afárá yìí gbóná lára mi, nítorí ilé ìwòsàn Owódé wà ní òdìkejì odò, o sì mọ bí odò wa ṣe ń ṣe bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò èṣí, ẹ̀yìn ni Akínrẹ̀mí fi pọn Oyíndà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọjá nígbà tí inú ń run ún, omi sì dé wọn láyà. Mi ò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí o ní o máa bá wa ya àwòrán afárá, inú mi dùn. Ẹ̀rọ tí o ń lò yẹn ni mi ò fọkàn tán. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé kì í ṣe ìwọ lo ń ṣírò, pé nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ tó ń ṣírò, tìrẹ ni pé kí o máa dá a lóhùn ohun tó bá bèèrè. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé torí èyí la ṣe ta ọ̀pẹ oko bàbá mi kí o lè kàwé, kí nǹkan mìíràn wá máa bá ọ ronú.

Síkírù, tó ń bá wa gba iná sí fóònù ní Owódé, ló gba ìbéèrè ẹ̀rọ náà sórí fóònù tirẹ̀ tó kà á fún mi. Ó bèèrè bí odò ṣe fẹ̀ tó. Ìyẹn kò burú. Mọ́nsúrù káfíńtà fi téèpù wọ̀n ọ́n, èmi náà sì fi okùn ebè mi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, nítorí téèpù Mọ́nsúrù ti já lẹ́nu. Ó bèèrè irú ilẹ̀ tó wà létí odò, mo dáhùn. Ló bá tún bèèrè pé èèyàn mélòó ló lè wà lórí afárá lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé báwo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Ara fu mí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀ṣunfẹ́mi, ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ebè là ń kà, isu là ń kà, ẹran là ń kà. Gbogbo ìṣirò tí mo mọ̀ láyé, orí ebè ni mo ti kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ nínú igba ebè. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ka ẹ̀yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí títí ó fi sùn. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti pé sílé, abọ́ oúnjẹ ló máa ń wò, abọ́ tó bá ṣì kún ni yóò sọ ẹni tí kò tíì dé. Ti wíwúwo yẹn ló tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Gbogbo ohun tí mo ti rí lórí òṣùwọ̀n ní ọjà Owódé, kò sí ọ̀kan tó padà sílé olówó rẹ̀. Ta ni ẹ̀rọ yìí wá fẹ́ tà wá fún? Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn tó ń gba owó orí ló rán an.

Èyí tó jẹ́ kí n fura jù ni ohun tí o sọ nígbà tí mo pè ọ́, pé iye tí a bá fún ẹ̀rọ náà, yóò tún fi tirẹ̀ kún un, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọmọ mi, ẹni tí a sọ ọ̀rọ̀ fún tó wá ń bu tirẹ̀ kún un, kí là ń pè é? Mo rò ó wò pé bó bá jẹ́ pé ó máa fi kún un, kí n kúkú ti yọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí Síkírù kọ ọ́ pé ẹni mẹ́ta ni wá, èmi, ìyá rẹ àti ajá wa, pé a kò sì wúwo, ẹ̀ẹ̀kan là ń jẹun lójúmọ́. Ìwọ náà pè, o ní ṣé ẹni mẹ́ta péré, mo ní àbí mi ò mọ ilé mi ni. Mo rẹ́rìn-ín dé abúlé lọ́jọ́ náà. Mo ní mo ti fi ọgbọ́n àgbà han ẹ̀rọ Èkó.

Àwòrán dé, Síkírù ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mọ́nsúrù wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Ó ní igi tí wọ́n ní kí òun lò ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, pé bí ewúrẹ́ rẹ bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ gorí afárá yìí, kí a máa sáré bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ náà. Mo ní ahun ni, mo ní ohun tí kò jẹ iyán rí kò lè mọ ìwúwo ẹni tó jẹ iyán. Mo ní ṣé èyí ló máa gbé wa lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí gbogbo abúlé, àti àwọn ọmọ wa tó ń wá láti Òwu àti Ìtòkú, bá dúró lórí rẹ̀ tí wọ́n ń wo àwọn tó ń pọnmi?

Ìyá rẹ jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní iye tí mo fún ẹ̀rọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹni mẹ́ta ni. Mo ní ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ó ní bí ọjọ́ Ọmọ́ṣaléwá bá pé, àwọn tó máa gbé e, àwọn tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú, àti ìyá rẹ̀ tí yóò máa sunkún tẹ̀lé wọn, ṣé ajá wa ló máa yẹ̀ fún gbogbo wọn lórí afárá.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò tíì gba ẹ̀rọ náà gbọ́ o, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa fún un, orí rẹ̀ ni àwa máa rìn.

Ìyá rẹ náà ló rí ọ̀nà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ka ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tó kọjá, gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ló ṣa òkúta kan fúnra rẹ̀ tó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà ní ìrìnàjò sì ní ẹni tó ṣà á fún wọn. Ẹni tó bá tóbi, kó ṣa ńlá. Ìyá Àfúsá tó ń ta epo, o ṣáà mọ bó ṣe rí, ó fẹ́ mú wẹ́wẹ́. Gbogbo wa wò ó, ó dá a padà, ó mú èyí tó ju ìkúùkù lọ. Ọmọ́ṣaléwá ju tirẹ̀, ó tún ju kékeré kan tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Síkírù fẹ́ máa fi ẹnu kà wọ́n, mo ní kó lọ sídìí fóònù rẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ náà ni awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá gbé dání. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun mọ̀ pé Ẹ̀gbá ní òkúta, òun kò mọ̀ pé a ti ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Jọ̀wọ́, pa kọ̀ǹpútà dé kí o tó ka òkúta náà. Bí o bá kà á tán, ṣí i, kí o sọ fún ẹ̀rọ náà pé òkúta ló máa wà lórí afárá, pé òkúta kọ̀ọ̀kan wúwo tó àgbàlagbà tó jẹun yó. Má dárúkọ wa fún un. Bó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un, jẹ́ kó fi kún un, mi ò ní yọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Má sì sọ iye náà fún mi, kódà bí mo bá bèèrè.

Bí àwòrán tuntun bá dé, igi yóò nípọn sí i, owó igi náà yóò sì nípọn sí i. Fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa kí òjò tó dé, kí Mọ́nsúrù lè bẹ̀rẹ̀. Má fi gba inú fóònù Síkírù o, ẹni tó lè ka ìbéèrè ẹ̀rọ lè ka owó mi. Awakọ̀ ni kí o fi lé lọ́wọ́. Fi owó awò ojú mi sí i, àti búrẹ́dì ìyá rẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní já lójú omi. A ó dàgbà lójú rẹ, o kò sì ní sunkún wa ní kékeré.

Mo ti ń gbàgbé. Òkúta funfun kan wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó ń dán. Tìrẹ nìyẹn. Ìyá rẹ wọ inú omi dé eékún kó tó rí i, ó ní ọmọ òun máa wà lórí afárá lọ́jọ́ ọdún. Ó ti pẹ́ tí o ti wálé, mi ò ní sọ bó ṣe pẹ́ tó, ìyẹn náà kò ṣeé kà. Bí o bá ń bọ̀, kà á mọ́ wa. Bí o bá sì mọ̀ pé o kò ní wá, má jẹ́ kí afárá gbé ẹrù ẹni tí kò sí níbẹ̀. Yọ ọ́ kúrò, fi rán awakọ̀ padà, kí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sínú omi. Èmi ò ní bá a lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fárọ̀mbí.