Ọwọ́ Ní Í Ṣáájú Sípánà

                                        Yàrá Iwájú,
                                        Ilé Bàbá wa.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo lara gbogbo yín? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ òru yẹn? Ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi í sílẹ̀? Màmá ní kí n bá àwọn kí ọ kí n tó kí ọ fúnra mi. Àwa náà ṣì wà, a kàn ń wà náà ni.

Bàbá kò tíì sọ̀rọ̀. Oṣù kẹfà rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀, dókítà sì ti ní ká má retí púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, alùpùpù ẹnì kan kọjá lẹ́bàá fèrèsé, mo sì rí i tí Bàbá gbórí sókè, tí ètè wọn ń mì bí ẹni fẹ́ dáhùn. Mo ní bí ti ẹlòmíràn bá lè ṣe èyí, kí ni alùpùpù tiwọn tí wọ́n fi pín lẹ́tà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yóò ṣe? Ìrètí wọ̀ mí lára, àbúrò mi. Òun gan-an ló dá mi lóró.

O rántí pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì alùpùpù wọn, èyí tí ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ìka méjì ni wọ́n fi ń yí i wọlé, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń dé ìgò oògùn ọmọdé, kí wọ́n tó mú sípánà. "Ọwọ́ ní í ṣáájú sípánà," wọ́n á ní, wọ́n á sì wo èmi tí wọ́n sọ ní Oníwàdùwàdù.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé alùpùpù wọn sí ẹ̀bá fèrèsé kí n lè tan án fún wọn gbọ́, mo tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì tó ti dúdú bí èédú, mo mú tuntun. Ti òsì wọlé wẹ́rẹ́, orí mi sì wú. Màmá ti ṣí fèrèsé, wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé Bàbá jókòó kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ti ọ̀tún wá ń le. Dípò kí n yọ ọ́ kí n tún fi ìka yí i wọlé, mo ti sípánà bọ̀ ọ́, mo fagbára yí i. Ó dún kẹ́, ó sì rọ̀ lójijì.

Jẹ́-N-Sinmi, mẹkáníìkì tí kì í gbà pé òun ò lè tún nǹkan ṣe, wá wò ó títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ojú ìyí inú ihò púlọ́ọ̀gì ti jẹ, orí ẹ́ńjìnnì náà ti sán, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mi ò lè purọ́ fún Bàbá. Mo gbé púlọ́ọ̀gì tó bàjẹ́ náà sí ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ìka méjì mú un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, jẹ́ẹ́jẹ́, bíi ti àtijọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń rántí.

Màmá ní, "Wọ́n ń kọ́ ọ ni."

Ìka wọn wá kan ibi tí mo bà jẹ́, ó dúró. Wọ́n wò mí. Wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì sílẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, alùpùpù tó wù kó kọjá, wọn kì í gbórí sókè mọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Tí o bá máa wá, má jẹ́ kó pẹ́.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, bí Bàbá ṣe sọ mí,
                                        Oníwàdùwàdù.