Ọkọ̀ Búrẹ́dì Tó Dá Mi Láre

Ọjọ́bọ̀, Ìlọfà

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè kọ̀wé dáadáa.

Ọ̀gá mi ní ilé búrẹ́dì ló fi sípíkà orí ọkọ̀ rẹ̀ kéde káàkiri ìlú pé mo jí ìyẹ̀fun òun. Láti ìgbà náà, tí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi a fa báàgì wọn mọ́ra. Mo pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ ní bó ṣe kéde rẹ̀ náà ni kó ṣe kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ dé àdúgbò wa. "Adéọlá kì í ṣe olè o! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!" Ó ti mọ́ ọn lára, ló bá fi kún un: "Búrẹ́dì gbígbóná rè é o!"

Etí ìyá mi mú ju tèmi lọ. Síbẹ̀, ó jáde, ó dá ọkọ̀ náà dúró: "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ o. Ẹ tún un wí."