Rúùtù Ò Sí Lọ́wọ́ Mi

Ajé, 15 Oṣù Karùn-ún 2006

Mo tún tọrọ rúùtù lọ́wọ́ Kọ́kọ́rọ́ — Àlàájì Bùsàrí, ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Lasunwon. Rúùtù ni orúkọ tí gbogbo ilẹ̀kùn inú ẹ̀rọ ń ṣí fún. Ó ní rárá. Ó ní àkáǹtì kékeré tèmi ti tó láti fi tan sáfà, ètò inú ẹ̀rọ tó ń gbé ojúewé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀pẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ṣe àṣìṣe, fódà mi nìkan ló máa bàjẹ́. Ó dáa. Kí ló wá dé tó fún Làtífù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 17

Orúkọ àwọn tó yege ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa jáde lórí ojúewé náà lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjì. Kọ́kọ́rọ́ ní tí kò bá jáde, kí n má padà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́bọ̀, 18

Orò. Obìnrin ò gbọdọ̀ jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi náà há sílé. Kò sí kọ̀ǹpútà nílé. Iná lọ, ó dé. Làtífù nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù — mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Màmá ní ṣé èèrà wà ní ìdí mi ni.

Ẹtì, 19

Iná tún lọ láàárọ̀. Nígbà tó dé, ẹ̀rọ tàn, sáfà ò gbéra. Ó ní mi ò láyè láti kọ fáìlì kékeré tó máa ń kọ nígbàkígbà tó bá gbéra. Nínú fódà tèmi! Mo wò ó — ó ti di ti rúùtù. Ẹnì kan ti fi rúùtù tan sáfà. Kọ́kọ́rọ́ àti Làtífù ti lọ sí Ẹ̀pẹ́, fóònù wọn ò lọ. Aago kan kọjá. Àwọn ọmọ tó ṣèdánwò á ti jókòó sí kafé, wọ́n á máa retí orúkọ wọn.

Mo wá rántí: fáìlì ti rúùtù ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni fódà. Mi ò lè kọ nǹkan sínú fáìlì náà, àmọ́ mo lè yí orúkọ ẹ̀ padà. Mo sọ ọ́ ní "àlejò". Sáfà rí àyè kọ tuntun, ó gbéra. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Ajé, 22

Kọ́kọ́rọ́ rí "àlejò", ó rí i pé ti rúùtù ni. Ó ní mo ti jí páswọ́ọ̀dù rúùtù, ṣebí èmi ni mo ń yọ òun lẹ́nu nítorí ẹ̀. Làtífù búra pé òun ò fi rúùtù ṣe nǹkan kan. Ojú tì mí bíi pé mo jalè lóòótọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ fáìlì yẹn." Ó kà á sókè: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀. Ọjọ́ Orò. Ìyá tiẹ̀ náà ò jáde lọ́jọ́ yẹn. Làtífù ń wo bàtà ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ya bébà, ó kọ páswọ́ọ̀dù sí i, ó nà án sí mi. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo ní, "Ẹ fi pamọ́, sà. Tèmi tó mi. Ẹ kúkú pààrọ̀ ẹ̀, kí Làtífù náà máa lo àkáǹtì kékeré."

Ó pààrọ̀ ẹ̀ lójú wa. Mo lọ jẹun.